Ojú Ààrò Tí Láwóyìn Wú Lọ sí Pálọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀?

Ẹ má sọ fún mi pé nítorí afẹ́fẹ́ ni. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, eérú náà sì ti wà láti ọjọ́ tí ẹnì kan ti kọ́kọ́ sun iṣu, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó tìtorí wọn pa òwe kankan. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀. Ẹni tó ṣe é ní orúkọ, ó sì ní ilé. Ohun tó máa ń bí mi nínú nìyẹn: a ó mú ìwà burúkú tí ènìyàn kan hù, a ó sọ ọ́ di òwe, a ó wá gbàgbé orúkọ ẹni tó hù ú. Èmi ò ní gbàgbé. Láwóyìn ni orúkọ rẹ̀, ìlú Òkè-Àfọ̀n ló ń gbé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí yóò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni páànù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé koríko kúrò lórí ilé. Láwóyìn ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, ó ń tà á fún òyìnbó, ó sì là níbẹ̀. Ó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síwájú agbo ilé baba rẹ̀, ilé náà sì dí oòrùn àárọ̀ mọ́ gbogbo ará agbo ilé. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ilé náà ní sìmẹ́ńtì, ó ní fèrèsé onígíláàsì, ó ní àjà onípákó tí kápẹ́ńtà kàn mọ́ òkè pálọ̀ àti gbogbo yàrá. Láwóyìn rò pé kò ku ohun kan mọ́, àfi ìgbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ta kòkó fún fi kàlẹ́ńdà kan ránṣẹ́ sí i.

Àwòrán tó wà lára kàlẹ́ńdà náà rèé: òyìnbó kan jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ajá rẹ̀ sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀, iná sì ń jó nínú ògiri. Nínú ògiri pálọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Òkúta dídán ni wọ́n fi yí ẹnu ihò náà ká, bí ìgbà tí ènìyàn fi férémù yí fọ́tò ká.

Láwóyìn pe ìyàwó rẹ̀. "Abẹ́ní, wá wo ohun tó kù nínú ilé yìí."

Abẹ́ní wò ó. "Kí ni wọ́n ń sè níbẹ̀?"

"Wọn ò se nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n wá ń dáná fún?"

"Fún iyì."

Abẹ́ní wo ọkọ rẹ̀, ó wo ajá inú àwòrán, ó padà sídìí ohun tó ń ṣe.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọkùnrin náà. Ọyẹ́ Òkè-Àfọ̀n kì í ṣe eré. Orí òkè ni ìlú náà wà. Bí ọyẹ́ bá dé, ètè àgbà á là, gìgísẹ̀ ọmọdé á là, ewúrẹ́ á máa wọlé wá yá iná pẹ̀lú ènìyàn. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ iná nínú pálọ̀ òun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Sùbérù bírìkìlà ìbá fi sìmẹ́ńtì ṣe ojú ihò náà fún un, ọ̀rọ̀ ìbá sì parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Láwóyìn ní ojú sìmẹ́ńtì ò níyì. Ó ní ohun ìbílẹ̀ lòun fẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ń pariwo ohun ìbílẹ̀ kiri, tó sì jẹ́ pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn ń lò lọ́wọ́ ló ń nàka sí.

Ohun tó nàka sí ni ojú ààrò agbo ilé wọn.

Ilé ìdáná ńlá kan wà nínú agbo ilé náà tí gbogbo ìyàwó ilé jọ ń lò. Ààrò ibẹ̀ kì í ṣe òkúta mẹ́ta lásán. Ìyá tó bí baba Láwóyìn ló fi amọ̀ mọ ògiri kékeré yí iná náà ká, tó ṣe ẹnu rẹ̀ roboto, tó fi ìka ya alángbá kan sí ọ̀tún àti òmíràn sí òsì. Lọ́dọọdún ni àwọn ìyàwó ilé máa ń fi òkúta odò dán an títí tí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, inú ààrò yẹn ni wọ́n ti ń fọn iná àkọ́kọ́ fún un.

Àyọ̀ká ni ìyálé gbogbo wọn. Opó ni, ẹ̀gbọ́n baba Láwóyìn ni ọkọ rẹ̀ tó kú. Ọṣẹ dúdú ló ń sè. Á sun èèpo kòkó di eérú, á kó eérú náà jọ sínú agbọ̀n, á ro omi rẹ̀, á gbé omi náà àti àdín kaná, á sì máa rò ó títí yóò fi dì. Ògiri ààrò yẹn ló ń gba ọyẹ́ kúrò lára iná. Láìsí i, iná á máa sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún, ọṣẹ ò sì ní dì láé. Ọṣẹ yìí ni gbogbo ìlú fi ń wẹ̀, láti orí Baálẹ̀ dé orí ọmọ ọwọ́. Òun náà ni Àyọ̀ká àti àwọn ìyàwó ilé fi ń jẹun. Nítorí náà, ẹni tó bá wú ojú ààrò yẹn, oúnjẹ ẹnu wọn ló wú.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Láwóyìn wọ ilé ìdáná náà pẹ̀lú Sùbérù. Sùbérù gbé irin ìwulẹ̀ lọ́wọ́, ó ń wolẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyá," ni Láwóyìn wí.

"Káàárọ̀, Adúmáadán mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

Ẹ mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ. Àyọ̀ká ti wà nínú ilé náà kí wọ́n tó bí Láwóyìn. Òun ló rí i bó ṣe dúdú tó sì ń dán, òun ló sọ ọ́ ní Adúmáadán. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Láwóyìn wà tó fi mọ ìrìn rìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

"Mo wá mú ojú ààrò," ni Adúmáadán wí.

"Mú un lọ síbo?"

"Sí pálọ̀ mi."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni. "O fẹ́ máa se ọbẹ̀ ní pálọ̀?"

"Mi ò ní se nǹkan kan. Mo fẹ́ máa wò ó ni."

"Máa wá wò ó níbí. Ta ló lé ọ?"

Láwóyìn ò rẹ́rìn-ín. Ó mi orí sí Sùbérù, Sùbérù sì sún mọ́ ààrò. "Ìyá, ẹ má bínú sí mi," ni Sùbérù wí. "Iṣẹ́ ni wọ́n bẹ̀ mí."

Ìgbà yẹn ni Àyọ̀ká tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé. Ó dúró sáàárín irin àti amọ̀. "Adúmáadán, ọṣẹ wà lórí iná."

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

"Bó bá tutù kó tó jiná, ó bàjẹ́ nìyẹn. Jẹ́ kó jiná, ká jókòó, ká sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ wo la fẹ́ sọ? Ìyá tó bí baba mi ló mọ ojú ààrò yìí. Ọmọ ilé ni mí. Ẹ̀yin, ìyàwó ni yín. Ìyàwó ò ní nǹkan kan nínú ilé."

"Òótọ́ ni, ìyàwó ni mí," ni Àyọ̀ká dáhùn. "Ìyá tó mọ ọ́n ńkọ́? Ṣé ọmọ ilé lòun?"

Àwọn ìyàwó ilé tó wà lẹ́nu ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yìí ló ba ohun gbogbo jẹ́, nítorí Láwóyìn ò rí èsì fún ọ̀rọ̀ náà, ẹni tí ò bá sì rí èsì, agbára ló máa ń lò. Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, "kúrò níbẹ̀."

Ìwọ. Ó pe ẹni tó pọ̀n ọ́n ní ìwọ. Ẹ̀rín dá. Sùbérù pàápàá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Àyọ̀ká ò bá a jà. Ó so ìró rẹ̀ le, ó gba ilé Baálẹ̀ lọ, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Baálẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó họ ìpákọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí Àyọ̀ká ò mọ̀ fún yín: Láwóyìn ti ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ ṣáájú pé bí iná inú ògiri bá parí, Baálẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jókòó níwájú rẹ̀.

"Àyọ̀ká," ni Baálẹ̀ wí, "ní sùúrù. Ọmọ rẹ náà ni. Wá ibòmíràn dáná."

Sùúrù. Ẹ máa kíyè sí ẹni tí wọ́n máa ń ní kó ní sùúrù. Wọn kì í sọ ọ́ fún ẹni tó gbé irin ìwulẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń wú ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Nígbà tí Àyọ̀ká padà délé, wọ́n ti wú ojú ààrò náà, wọ́n ti fi ẹní wé e bí aláìsàn, ìkòkò ọṣẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ti tutù, ó ti bàjẹ́. Ó ku àwọn agbọ̀n eérú. Láwóyìn ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kó wọn dà síta, torí ó fẹ́ kí ilé ìdáná náà mọ́ kó lè máa kó kòkó pamọ́ síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ò gbà. Ní Òkè-Àfọ̀n, ẹni tó bá kó eérú ààrò tí iná ò tíì kú nínú rẹ̀ dà síta ń bẹ̀bẹ̀ kí ilé náà túká ni. Ọ̀kan nínú wọn ní inú ń run òun, èkejì sì ní òun gbọ́ tí ìyá òun ń pe òun láti oko.

"Ẹrú ló ń bẹ̀rù," ni Láwóyìn wí. Ó gbé agbọ̀n kan fúnra rẹ̀, ó jáde sí àgbàlá, ó kọjú sí ọyẹ́ gan-an, ó sì da eérú náà sókè.

Ọyẹ́ ò bá a jiyàn. Ó gbé gbogbo rẹ̀ padà fún un. Ó wọ ojú rẹ̀, ó wọ ihò imú rẹ̀, ó wọ ẹnu rẹ̀ tó là láti pàṣẹ. Adúmáadán di lékeléke lójú gbogbo ayé.

Sùbérù sún mọ́ ọn. "Ọ̀gá, ẹ yí ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ ni kó yí," ni Láwóyìn wí, ó sì ń wúkọ́.

Ṣùgbọ́n kò tún da òmíràn síbẹ̀. Ó ní bí òun ò bá lè dà á nù, òun á kó o lọ, kò ní kù fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ru àwọn agbọ̀n náà lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀. Àyọ̀ká dúró, ó ń wò ó. Èmi ìbá ti pariwo.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú pálọ̀. Sùbérù gé àgbá irin sí méjì, ó ki ìdajì rẹ̀ bọ inú ògiri kí iná lè máa jó nínú rẹ̀. Ó gbé ojú ààrò síwájú rẹ̀, ó fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́. Kí n má tan yín, ó dára lójú. Àwọn alángbá náà ń wo pálọ̀ bí ẹni tó ṣìnà. Sùbérù wá dúró, ó gbójú sókè.

"Ọ̀gá, ibo ni èéfín máa gbà?"

Láwóyìn lọ mú kàlẹ́ńdà. "Nàka sí èéfín nínú àwòrán yìí."

Sùbérù wò ó títí. "Mi ò rí i."

"Kò sí níbẹ̀. Iná inú ògiri kì í rú èéfín."

"Ọ̀gá, igi tiwa máa ń rú u."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Láwóyìn lára díẹ̀. Ó rò ó. "Ó dáa. Ní ilé ìdáná lọ́hùn-ún, ibo ni èéfín ń gbà?"

"Ó ń gòkè sí àjà, ó ń gbẹ àgbàdo."

"Èmi náà ní àjà."

"Koríko ló bo tiwọn, ọ̀gá. Koríko ń mí. Páànù lẹ ní."

"Ṣé kí n wá lu ihò sí páànù tuntun nítorí èéfín? Kí òjò máa rọ̀ sí mi lórí nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bí ẹni tó wà lábà? Láti ayé baba wa, àjà ni èéfín ń gbé. Fi í síbẹ̀."

Sùbérù fi í síbẹ̀. Ó ṣe ọ̀nà èéfín láti inú ògiri dé inú àjà, ó sì dá a dúró síbẹ̀. Ó wá ní ẹ̀rù ń ba òun kí iná má ràn mọ́ pákó, kí wọ́n wá ohun tí kì í jó tẹ́ sórí àjà náà. Ojú Láwóyìn tàn. Ó gun òkè àjà fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa na agbọ̀n sókè sí òun, ó sì da eérú Àyọ̀ká sórí pákó láti ìbẹ̀rẹ̀ ilé dé òpin rẹ̀, lókè pálọ̀, lókè yàrá, lókè ibi tí òun àti Abẹ́ní ń sùn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Ẹ rí i. Kò sí ohun tí kò wúlò."

Ní gbogbo ìgbà yẹn, Àyọ̀ká àti àwọn ìyàwó ilé ń fi òkúta mẹ́ta dáná ní gbangba. Ọyẹ́ ń fẹ́ iná náà kiri, omi eérú díẹ̀ tí wọ́n rí kó jọ ò dì. Ọṣẹ tán ní ọjà, ó tán ní ilé. Ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rùn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n torí pé gbogbo wọn ni, kò sẹ́ni tó lè bá ẹnìkejì wí. Ìyàwó ilé kan ní òun á padà sílé baba òun. Àyọ̀ká bẹ̀ ẹ́ kó dúró, kò sì mọ ohun tó ní kó dúró dè.

Àárọ̀ kan tí ọyẹ́ mú gan-an ni Láwóyìn yàn láti ṣí iná rẹ̀. Ó fi àdín para láti orí dé ẹsẹ̀ bí gbogbo wa ti ń ṣe nígbà ọyẹ́, ó wọ agbádá olówó iyebíye, ó sì yá ajá kan lọ́wọ́ ọdẹ. Ó so ajá náà mọ́ ẹsẹ̀ àga. Baálẹ̀ dé, àwọn ìjòyè rẹ̀ dé. Láwóyìn ní kí wọ́n jókòó kí wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú bí ti inú àwòrán, wọ́n sì nà á. Abẹ́ní gbé ẹmu fún wọn. Láwóyìn ṣá iná.

Iná náà jó. Ó jó dáadáa, mi ò ní fi ibi san ire fún iná. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ajá ló kọ́kọ́ dìde. Ó gbóòórùn òkè, ó ké wín, ó fa àga Baálẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

"Láwóyìn," ni Baálẹ̀ wí bí wọ́n ti ń gbé e padà, "ojú ń ta mí."

"Iná ń kí yín ni, Baálẹ̀."

Èéfín ti kún inú àjà, kò ríbi jáde, ó wá ń padà wálẹ̀ láàárín pákó. Kò pẹ́, nǹkan funfun bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Ó rọra ń bọ́, ó ń bà lé fìlà, ó ń bà lé irùngbọ̀n. Ìjòyè kan yọjú wo ife rẹ̀. "Kí ló ń bọ́ sínú ẹmu mi?"

Láwóyìn ò ní gbà láé. "Bó ṣe ń rí nílẹ̀ òyìnbó nìyẹn," ó ní. "Wọ́n ní bí òtútù bá mú níbẹ̀, nǹkan funfun máa ń bọ́ láti òkè. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa rí i ní gbogbo agbègbè yìí."

Àwọn ìjòyè mi orí, wọ́n sì mu ún. Àgbààgbà ni wọ́n. Wọ́n mu eérú torí pé wọ́n ní ti òyìnbó ni.

Nígbà tí wọn ò rí ara wọn mọ́, Abẹ́ní ṣí fèrèsé. Ọyẹ́ wọlé. Ó bá iná, iná ru. Ó bá ọ̀nà èéfín, ó gòkè. Ó bá eérú tí Láwóyìn tẹ́ sókè, ó jí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Láwóyìn sá wọ yàrá, ó bá eérú níbẹ̀. Ó sá wọ yàrá kejì, ó bá a níbẹ̀, nítorí kò sí yàrá kan tí kò da tirẹ̀ sí lókè. Ó wá ní kí wọ́n má bẹ̀rù, pé òun á lọ fi ẹní dí àlàfo pákó. Ó gun àjà. Wọ́n gbọ́ tó ń rìn lókè, tó ń sín. Ó sín lẹ́ẹ̀kan, ó sín lẹ́ẹ̀kejì, pákó ní "pàá".

Òun àti pákó àti eérú ló jọ sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ba ojú ààrò, amọ̀ tó ti fara da iná láti ayé ìyá baba rẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè wá ọ̀nà àtẹ̀gùn pẹ̀lú ọwọ́ bí afọ́jú. Láwóyìn gba àárín wọn kọjá, ó bọ́ síta, ó ń sáré. Àdín tó fi para ti mú eérú náà lẹ̀ mọ́ ọn lára, èyí tó wà nínú agbádá rẹ̀ sì ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó yà sí ọ̀nà oko, eérú yà sí ọ̀nà oko. Ó yí padà sí ọ̀nà odò, ọyẹ́ yí padà, eérú ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó bẹ́ sódò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ, ẹ ti mọ ohun tó kù: eérú, àdín, omi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó lára rẹ̀. Kò dì débi tó lè wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ta á débi tó lè pa á lẹ́kún.

Inú ilé ìdáná ló sá lọ. Àyọ̀ká jókòó síwájú kòtò tí ojú ààrò wà tẹ́lẹ̀.

"Ta nìyí?" ni Àyọ̀ká bi í.

"Èmi ni, ìyá. Láwóyìn ni. Ẹ ṣàánú mi, ẹ fún mi lọ́ṣẹ."

"Adúmáadán tí mo mọ̀ dúdú." Ó wò ó dáadáa. "Ọṣẹ wo lo sì ń bèèrè? Ibi tó ti ń wá rèé." Ó nàka sí kòtò náà. "Bu ohun tó bá wà níbẹ̀, kí o fi wẹ̀."

Baálẹ̀ ló wọlé tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ìjòyè, wọ́n rí bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hú nínú eérú. Àyọ̀ká kúnlẹ̀ kí i bó ti yẹ.

"Àyọ̀ká, ọṣẹ la wá tọrọ," ni Baálẹ̀ wí.

"Ọṣẹ ò sí, Baálẹ̀. Ẹ ní sùúrù."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ ń wolẹ̀. Èmi náà ti bi ara mi tipẹ́: ṣé dandan ni kí eérú wọ ojú alágbára kó tó ríran? Mi ò tíì rí ìdáhùn, inú sì ń bí mi síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà, Baálẹ̀ ríran.

"Láwóyìn, dá ojú ààrò padà."

"Ó ti fọ́, Baálẹ̀."

"Mọ òmíràn."

"Màá pe Sùbérù."

"Sùbérù kọ́," ni Àyọ̀ká wí, ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ìwọ ni."

"Ìyá, iṣẹ́ obìnrin ni amọ̀."

"O ní ọmọ ilé ló ni ààrò, ìyàwó ò ní nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ ilé, wá mọ ọ́n."

Láwóyìn wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ ń nu etí.

Ó po amọ̀. Àwọn ìyàwó ilé jókòó yí i ká, wọ́n ń bá a wò ó. Alángbá àkọ́kọ́ tó yà jọ ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n ní kó pa á rẹ́. Èkejì jọ òun fúnra rẹ̀, wọ́n tún ní kó pa á rẹ́. Èyí tó burú jù ni pé bó bá ti tẹrí ba, eérú á já bọ́ láti irun rẹ̀ sínú amọ̀, amọ̀ náà á sì sán bó bá gbẹ. Á wó o, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ bí ọmọdé.

"Ìyá, eérú yìí ò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Sùbérù ló mọ ògiri. Baálẹ̀ ló ní kí ẹ wá ibòmíràn dáná. Gbogbo wọn ti gbọn tiwọn dànù. Kí ló dé tó jẹ́ èmi nìkan ló ń tọ̀ kiri?"

"Ta ló gbé agbọ̀n jáde lọ́jọ́ náà?"

"Èmi ni."

"Ta ló gun àjà?"

"Èmi ni, ìyá. Èmi nìkan ni mo dà á."

"Ó dára," ni Àyọ̀ká wí. "Máa po amọ̀."

Ojú ààrò náà dúró níkẹyìn. Ọṣẹ àkọ́kọ́ tó jáde níbẹ̀, àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ fi wẹ̀, lẹ́yìn wọn ni ìlú, lẹ́yìn ìlú ni Baálẹ̀. Láwóyìn ló kẹ́yìn, eérú tó ti wọ etí rẹ̀ ò sì jáde mọ́. Àwọn àgbà tó mu eérú ní pálọ̀ ló sọ ọ̀rọ̀ náà di òwe, wọ́n sì yọ ara wọn kúrò nínú rẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Àyọ̀ká ò bá wọn du ìyẹn. Iná rẹ̀ ń jó. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí Láwóyìn bá ń kọjá níwájú ilé ìdáná, tó bá gbọn agbádá rẹ̀, tí nǹkan funfun díẹ̀ sì já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó ilé tó bá wà nítòsí á sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí i: ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀.